Epo Pupa Nínú Ẹ́ńjìnnì Ìyá Mi

Ẹni tó bá ti gbé nítòsí ẹ̀rọ ìrin-ẹ̀gẹ́ rí kì í béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni bóyá ilẹ̀ ti mọ́. Ẹ́ńjìnnì ni yóò sọ fún un.

Ti ìyá mi wà ní oríta tí ọ̀nà oko ti pàdé títì, ní ìpẹ̀kun Ìgbò-Ọrà, níbi tí àwọn tó ń ti Tápà àti Ìgangan bọ̀ ti máa ń sọ ẹrù kalẹ̀ kí wọ́n tó wọ ìlú. Àgọ́ páànù la kọ́ bò ó. Bàbá mi ló rà á, òun ló gbé e ka orí sìmẹ́ńtì. Nígbà tí ó kú, kò fi ilé alájà sílẹ̀, kò fi oko kòkó sílẹ̀. Ẹ́ńjìnnì yẹn ló fi sílẹ̀. Òun ló ń bọ́ wa, òun ló rán wa níwèé, òun náà ló sì sọ ìyá mi lórúkọ, nítorí gbogbo àdúgbò ló ń pè é ní Ìyá Ẹlẹ́rọ.

Nígbà tí bàbá mi ṣì wà láyé, ohun kan wà nípa ẹ́ńjìnnì náà tí kò yé mi. Mo mọ̀ pé ayọ́kẹ́lẹ́ a máa ní púlọ́ọ̀gì tó ń ṣáná sí epo. Ẹ́ńjìnnì tó ń lo dísù, ìyẹn epo dísẹ́ẹ̀lì, kò ní. Mo bi bàbá mi léèrè.

"Bàbá, ta ló ń ṣáná sí i?"

"Kò sẹ́ni tó ń ṣáná sí i."

"Báwo ló wá ṣe ń jó?"

Ó mú pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó fi ìka dí ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde, ó ní kí n máa tẹ̀ ẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́ títí apá fi ń ro mí. Ó wá ní kí n fọwọ́ kan ìdí pọ́ǹpù náà. Ó ti gbóná.

"Afẹ́fẹ́ lo há mọ́lẹ̀ yẹn," ó ní. "Bí wọ́n bá há ènìyàn pàápàá mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀, inú á bí i."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú mi dé yunifásítì n'Íbàdàn láàárín àwọn ọdún ẹ́ítíìsì, tí mo lọ kọ́ nípa ẹ̀rọ. Àwọn obìnrin tó ń gbé ẹ̀gẹ́ wá fún ìyá mi kò jẹ́ kí n gbádùn bí mo bá wálé. Wọ́n á ní, "Ẹnjiníà obìnrin, ọkùnrin wo ni yóò fẹ́ ẹni tí ara rẹ̀ ń run dísù?" Ìyá mi á dá wọn lóhùn pé ara òun náà ń run dísù, ọkọ òun kò sì kó ẹrù òun síta.

Nígbà tí mo gboyè àkọ́kọ́, mo padà sí yunifásítì láti tún kọ́ sí i, olùkọ́ mi sì fún mi ní iṣẹ́ kan tó dà bí àwàdà létí àwọn ará ilé. Mo gbọ́dọ̀ kọ́ kọ̀ǹpútà bí iná ṣe ń jó nínú ẹ́ńjìnnì dísù, kí kọ̀ǹpútà náà lè máa jó o láìsí epo, láìsí èéfín, láìsí ariwo. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ bí mo ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún ìyá mi. Inú irin ni iná yẹn ti ń jó. Ojú kò lè rí i, ọwọ́ kò lè kàn án, kí ènìyàn sì tó pajú, ó ti jó tán. Ohun tí a ń ṣe ni pé a ó gé ìpajú kan náà sí wẹ́wẹ́. Nínú wẹ́wẹ́ kọ̀ọ̀kan, kọ̀ǹpútà á ṣírò bí afẹ́fẹ́ ṣe gbóná tó, bí ó ṣe há tó, èyí tó ti jóná nínú epo àti èyí tó kù. Ibi tó bá bá ọ̀rọ̀ dé, á fà á lé wẹ́wẹ́ tó tẹ̀ lé e lọ́wọ́, bí àwọn tó ń mọlé ṣe ń ju amọ̀ sí ara wọn títí yóò fi dórí ògiri.

Ìyá mi gbọ́ ọ tán, ó ní, "Iná tí kò lè se ọbẹ̀."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ó dáa. Ṣáà máa jó o."

Ohun tí mo rí nínú iná yẹn kò kúrò lọ́kàn mi títí di òní. Bí nọ́sù, ìyẹn ihò tíńtín tó ń tú epo sínú ẹ́ńjìnnì, bá ti tú epo, epo náà kì í gbiná lójú ẹsẹ̀. Á kọ́kọ́ fọ́n ká bí ìrì, á gbóná, á di oru, á pò mọ́ afẹ́fẹ́, kó tó wá gbiná. Àlàfo yẹn kéré ju ohun tí ẹnu lè sọ lọ, ṣùgbọ́n nínú rẹ̀ ni gbogbo ẹjọ́ wà. Bí ó bá kúrú, iná á mú jẹ́jẹ́, á ti písítìn, irin tó ń lọ sókè sódò nínú ẹ́ńjìnnì, sísàlẹ̀ bí ẹni ń ti ilẹ̀kùn. Bí ó bá gùn, epo á ti kó jọ kí iná tó dé, gbogbo rẹ̀ á sì bú lẹ́ẹ̀kan náà. Ìgbà náà ni ẹ ó gbọ́ tí ẹ́ńjìnnì ń kan gbà, gbà, gbà, bí alágbẹ̀dẹ tí wọ́n bí nínú. Mo mọ ọ̀pọ̀ ènìyàn tó rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n á gbọ́ ọ̀rọ̀ lónìí, wọn kò ní fèsì, a ó rò pé ó ti tán.

Kọ̀ǹpútà náà sì ní ìwà kan. Kò mọ ohun tí kò lè ṣẹlẹ̀ àfi tí a bá sọ fún un. Nígbà tí mo kọ́kọ́ jó iná náà, písítìn gun òkè, ó gba inú irin tó bò ó lórí kọjá, ó ń lọ. Kọ̀ǹpútà kò rí ohun tó burú nínú rẹ̀. Olùkọ́ mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní kí n lọ kọ ohun tó jẹ́ èèwọ̀ fún un: ibi tí písítìn kò gbọdọ̀ kọjá, otútù tí afẹ́fẹ́ kò gbọdọ̀ tutù jù. Mo lọ kọ ọ́.

Ọ̀wọ́n epo wá dé. Kì í ṣe ti ọjọ́ méjì mẹ́ta. Èyí tó dé ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún náíńtíìsì yẹn jókòó tì wá ni. Ìgbà tí mo wálé, àgọ́ wa dákẹ́. Ìyá mi jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì bí ẹni ń ṣọ́ aláìsàn. Dísù tó kù kò tó ìdajì àgbá kékeré kan, mọ́tò tó sì máa ń gbé e wá láti Èrúwà kò wá mọ́. Lẹ́yìn àgọ́, ẹ̀gẹ́ wà ní òkìtì òkìtì. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ẹ̀gẹ́ mọ̀ pé kò dà bí iṣu tó lè sùn sínú ọgbà. Bí wọ́n bá ti wú u nílẹ̀, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kú nìyẹn. Inú rẹ̀ á dúdú, á máa rùn. Àwọn kan ti fi ìbínú gbé tiwọn padà sílé lọ fi ọwọ́ rin, ìka wọn ń ṣẹ̀jẹ̀. Àwọn mìíràn ń sọ pé ẹ̀rọ kan wà ní Tápà tó ṣì ń ṣiṣẹ́.

"Bí wọ́n bá fi ẹsẹ̀ wọn dé Tápà," ìyá mi wí, "wọn kò ní padà wá."

Ìyá Elépo ló mú àbá wá. Àtẹ rẹ̀ wà ní òdìkejì títì; ó ń ta epo pupa, ó ń ta àdín tí wọ́n fi ekùrọ́ ṣe. Obìnrin tí ẹnu rẹ̀ mú ni.

"Ìyá Ẹlẹ́rọ, ṣé kì í ṣe pé kó ṣáà rí ohun jó? Àdín mi ń jó nínú fìtílà láti àná òun ìjẹta. Ẹ́ńjìnnì yín ti wá di ọmọ ọba tí kì í jẹ oúnjẹ ẹrú."

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín. Ìyá mi kò rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí mi.

"Iná rẹ yẹn tí kò lè se ọbẹ̀, ṣé ó lè jó àdín?"

Mo ní mo lè dán an wò. Ó ní, "Lọ dán an wò níbẹ̀ ná. Bí ó bá bàjẹ́ níbẹ̀, kò sí ohun tó bàjẹ́. Bí ó bá bàjẹ́ níbí, ó parí nìyẹn."

N kò tíì gbọ́ kí olùkọ́ kankan ṣàlàyé iṣẹ́ mi dáadáa tó bẹ́ẹ̀.

Mo padà s'Íbàdàn, mo wá ìwé kà nípa bí àdín ṣe ń gbóná, bí ó ṣe ń di oru, mo kó gbogbo rẹ̀ fún kọ̀ǹpútà. Iná mọ̀nàmọ́ná ń lọ, ó ń bọ̀. Bí ó bá lọ lágbede méjì, a ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ó jó tán, ó dùn mọ́ mi. Àlàfo àdín kò gùn. Bí a bá ti yọ́ ọ kó tó wọlé, iná rẹ̀ sún mọ́ ti dísù dáadáa. Mo gbé bébà tí kọ̀ǹpútà fi ya àwòrán iná náà wálé, mo tẹ́ ẹ sórí àpótí níwájú ìyá mi. Ìlà kan gun òkè, ó sì sọ̀ kalẹ̀. Ìyá mi fi ìka tọ̀ ọ́ lọ, ó tọ̀ ọ́ bọ̀.

"Kò fò sókè ju bó ṣe yẹ lọ," ó ní.

"Kò fò."

Ìyá Elépo ti ń ṣí ẹnu kẹ́ẹ̀gì àdín nígbà tí Bàbá Àgbà dé. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni. Òun ló ń tọ́jú yangí, òkúta tí wọ́n fi ń bọ Èṣù, tó wà ní oríta yẹn. Kí wọ́n tó la títì ni yangí ti wà níbẹ̀, títì ló sì yà fún un. A kúnlẹ̀ kí i. Ó bi ìyá mi léèrè, kò sì gbóhùn sókè.

"Wọ́n ní epo wo lẹ fẹ́ dà sínú irin yìí?"

"Àdín ni, Bàbá. Ọmọ yín ní ó jó dáadáa nínú kọ̀ǹpútà."

"Kọ̀ǹpútà kú iṣẹ́. Níbo ni èéfín rẹ̀ ń gbà jáde?"

Páìpù èéfín kọjú sí oríta gbọnrangandan. Gbogbo wa la mọ̀ pé Èṣù kì í jẹ àdín, pé wọn kì í tilẹ̀ gbé e kọjá níwájú rẹ̀ láìbò ó. Ìyá Elépo pàápàá, ó ní ìdí tí àtẹ rẹ̀ fi wà ní òdìkejì títì. Ṣùgbọ́n nínú fìtílà la ti ń ro àdín, nínú àwo la ti ń rò ó. Kò sí ẹni tó ro ti èéfín.

"Ẹni tí kì í jẹ ẹ́," Bàbá Àgbà wí, "ẹ fẹ́ máa fi èéfín rẹ̀ kí i ní àràárọ̀."

Ìyá Elépo ní, "Bàbá, a ó kúkú yí ẹnu páìpù sí apá oko."

"Ẹ ṣeun. Ẹ ó yí atẹ́gùn náà?"

Ìyá mi sọ̀rọ̀ nígbà náà. "Bàbá, èmi kì í bọ ọ́. Ẹ mọ̀ pé ṣọ́ọ̀ṣì ni mò ń lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ fún ọkọ mi nílẹ̀ tí ẹ́ńjìnnì yìí jókòó sí, ẹ kò sì gba kọ́bọ̀. N kò ní fi ohun tí ẹ kì í ṣe ṣe yín lórí ilẹ̀ yín. Ẹ kàn wo ẹ̀gẹ́ yìí, kí ẹ sọ fún mi ohun tí n ó ṣe."

Bàbá Àgbà wo ẹ̀gẹ́ náà.

"N kò ní kí ẹ má rin ín. Èmi náà ń jẹ ẹ̀bà. Epo pupa ńkọ́? Ìyẹn, a máa ń fún un. Bí ẹ bá fi epo pupa ṣe é, inú ẹ̀ á máa dùn ni."

Ìyá Elépo ní òun náà, inú òun á dùn, torí epo pupa lówó lórí ju àdín lọ. Ẹ̀rín wá pa gbogbo wa, títí kan Bàbá Àgbà. Ṣùgbọ́n epo pupa ni mo bẹ̀rù jù. Ó ki. Ìgbà ọyẹ́ ni a sì wà, tí epo pupa máa ń dì nínú ìgò bí ọ̀rá, tí a ó gbé e sórí ààrò kó tó dà. Irú epo bẹ́ẹ̀ ni yóò gba ihò tí kò tó ojú abẹ́rẹ́ kọjá.

Orí mọ́tò tó kó èédú ni mo bá padà s'Íbàdàn, kò sí òmíràn. Mo ronú lójú ọ̀nà títí a fi kọjá Èrúwà. Mo lè sọ pé kọ̀ǹpútà kò mọ Èṣù. Òótọ́ ni. Kò mọ irin pàápàá. Èmi ni mo sọ fún un pé irin kò ṣeé gbà kọjá. Iná tí a bá jó láìsí ààlà, kì í ṣe iná ibì kankan. Ẹ́ńjìnnì ìyá mi wà níbì kan. Ó wà lórí ilẹ̀ tí ẹnì kan fi tìfẹ́tìfẹ́ fúnni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ yangí tó ti wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀, láàárín àwọn tí yóò máa bá ara wọn gbé lẹ́yìn tí epo bá ti pọ̀ padà. Mo kàn fi ààlà kan kún àwọn tó wà nílẹ̀: kò sí àdín. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún olùkọ́ mi, ó kọ́kọ́ wò mí, ó wá ní, "Ó dáa, a ti mọ ibi tí a kò gbọdọ̀ dé. Jẹ́ ká wo ibi tó kù."

Epo pupa nìkan, bí ó ṣe tutù, kò dáa rárá. Àlàfo rẹ̀ gùn, ìlà orí bébà fò sókè ṣóńṣó bí òkè. Mo pa á pọ̀ mọ́ dísù díẹ̀, ó rẹlẹ̀ díẹ̀. Mo tún mú un gbóná kó tó wọlé, ìlà náà wá tẹ́ sílẹ̀. Ooru yẹn kò sì ṣòro láti rí; páìpù èéfín fúnra rẹ̀ gbóná tó láti yan àgbàdo. Bí a bá fi dísù jí ẹ́ńjìnnì, tí a wé páìpù bàbà tí epo ń gbà mọ́ páìpù èéfín, tí a wá yí i sí epo pupa nígbà tí ara rẹ̀ bá ti gbóná, tí a sì tún fún un ní dísù díẹ̀ kó tó sùn, iná náà á jó. Dísù tó kù nílẹ̀ á sì pẹ́ lọ́wọ́ wa.

Mo wálé sọ ọ́. Ìyá mi gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó wá bi mí ní ohun tí mo ti mọ̀ pé yóò bi mí.

"Kò ní bà á jẹ́?"

"Iná náà á jó, Màámi. Ohun tí iná náà á fi sílẹ̀ sínú irin ni n kò mọ̀. Ìpajú kan ni kọ̀ǹpútà yẹn mọ̀. Kò mọ oṣù tó ń bọ̀."

"Kí ló lè fi sílẹ̀?"

"Ẹ wo ìdí agbada aláàkàrà."

Ó dìde, ó lọ dúró ti ẹ́ńjìnnì, ó gbé ọwọ́ lé kẹ̀kẹ́ irin rẹ̀. Mo mọ ohun tó ń rò. Bí ó bá rin ẹ̀gẹ́, ó lè pàdánù ohun tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀. Bí kò bá rin ín, ẹ́ńjìnnì á wà, ṣùgbọ́n kò ní sí ẹni tí yóò gbé ẹ̀gẹ́ wá bá a. N kò lè fi bébà ràn án lọ́wọ́ níbẹ̀.

Ó jáde sí àwọn obìnrin tó ń dúró. "Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n bá ti wú ṣáájú òní nìkan la ó rin. Ẹni tí tirẹ̀ bá ṣì wà nínú ilẹ̀, kó fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ilẹ̀ ń tọ́jú ẹ̀gẹ́ ju àgọ́ mi lọ. Ẹni tó bá lọ wú tuntun, kó máa gbé e lọ sí Tápà."

Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ìyá Ẹlẹ́rọ, ẹ ti ń fi ẹ́ńjìnnì ṣàkóso oko wa?"

"Mò ń fi ṣàkóso àgọ́ mi ni. Ìyá Elépo, ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì wá. Kì í ṣe ti àdín o, ẹ wò ó dáadáa."

Jórinjórin kan wé páìpù bàbà fún wa. Ìyá mi fúnra rẹ̀ ló yí ẹ́ńjìnnì títí ó fi jí, ó fetí sí i lórí dísù, kó tó gbà kí n yí i sí epo pupa. Ohùn ẹ́ńjìnnì wúwo sí i, bí ohùn ẹni tó mu ọtí díẹ̀. Kò kan gbà, gbà, gbà. Láìpẹ́, òórùn dídín gba gbogbo oríta. Àwọn ọlọ́kadà tó ń kọjá ń béèrè ibi tí a ti ń ta àkàrà. Ìyá Elépo ní àkàrà irin ni, kí wọ́n mú eyín tó lágbára wá. Bàbá Àgbà gbé àga rẹ̀ wá síta, ó jókòó sínú èéfín náà.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe títí òkìtì ẹ̀gẹ́ tó wà lẹ́yìn àgọ́ fi tán. Lẹ́yìn ìyẹn, ìyá mi gbà kí wọ́n máa wú kìkì ohun tí wọ́n nílò gan-an; á pa ẹ́ńjìnnì, á sì dúró títí wọn á fi gbé e dé. Àwọn kan lọ sí Tápà lóòótọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí ọyẹ́ mú gan-an, mo yára yí i sí epo pupa kí páìpù tó gbóná, ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í kan. Kí n tó sún mọ́ ọn, ìyá mi ti pa á. Ó ní kí gbogbo wa lọ jẹun ná.

Nígbà tí mọ́tò tó ń gbé dísù wá láti Èrúwà tún padà dé, a kò kọ́kọ́ da dísù sínú ẹ́ńjìnnì. A pe mẹkáníìkì, a ṣí orí ẹ́ńjìnnì náà. Ìyá mi mú àpótí rẹ̀ wá, ó jókòó síbi tí ojú rẹ̀ ti tó o. Èédú ti yí ẹnu nọ́sù ká, ó le bí ìkarahun. Ọ̀kan nínú àwọn òrùka tó wà lára písítìn ti lẹ̀ mọ́ àyè rẹ̀, kò mì. Mẹkáníìkì mi orí. A rẹ gbogbo rẹ̀ sínú kẹrosíìnì, a sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Kò sí ẹni tó jẹun dáadáa nílé wa lálẹ́ ọjọ́ náà.

Nígbà tí a tún fọwọ́ kan òrùka náà, ó yí. Ó yí díẹ̀, ó dúró, ó tún yí.

A to ẹ́ńjìnnì náà padà, a da dísù tuntun sí i. Ìyá mi yí i. Ó jí. Kì í ṣe ohùn rẹ̀ àtijọ́ tán. Ìmí rẹ̀ kúrú díẹ̀, kò sì lè rin ẹ̀gẹ́ agbọ̀n ńlá kan tán mọ́ láìsinmi. Mo wo ojú ìyá mi. Ó fetí sí i pẹ́, ó fi etí ìró rẹ̀ nu ọwọ́.

"Ó ti dàgbà díẹ̀," ó ní. "Èmi náà ti dàgbà."

Ó wá tẹ̀ síwájú, ó gba agbọ̀n ẹ̀gẹ́ lórí obìnrin tó wà níwájú, ó sì bi obìnrin náà bóyá ó wà lára àwọn tó lọ sí Tápà.